Wọ́n Ní Kí O Sọ Nípa Ara Rẹ, O Ń Ka Iye Ọmọ Tí Bàbá Rẹ Bí

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan rèé tí ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi. Kò le rárá. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń bi ẹni tó ń wáṣẹ́, òun ló rọrùn jù: "Sọ fún wa nípa ara rẹ." Kò béèrè ìṣirò, kò béèrè ìwé kíkà, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó mọ ìdáhùn rẹ̀ ju ẹni tí wọ́n ń bi lọ. Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ti ń pàdánù iṣẹ́, wọn kò sì ní mọ̀ pé ibẹ̀ ni.

Ìdáhùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà láti Ìbàdàn títí dé Ìkẹjà. Orúkọ mi ni lágbájá. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí, láti ìjọba ìbílẹ̀ báyìí. Àwa mẹ́fà ni òbí wa bí, èmi ni ìkẹta. Mo ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí, mo ka girama lọ́hùn-ún. Kó tó dé yunifásítì, ìṣẹ́jú kan ti kọjá, ẹni tó ń gbọ́ ọ ti ń ṣí CV ẹni tó kàn. Yóò wá fi gbólóhùn tó ti há sórí kádìí rẹ̀: òṣìṣẹ́ takuntakun lòun, òun mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, kò sí wàhálà tó lè dá iṣẹ́ dúró lọ́wọ́ òun.

Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn. Wọ́n ti lọ aṣọ, wọ́n ti yá bàtà, wọ́n ti há ọdún tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ àti orúkọ gbogbo ọ̀gá ibẹ̀ sórí. Wọ́n múra sílẹ̀ fún gbogbo nǹkan, àyàfi ìbéèrè àkọ́kọ́.

## Ohun tó wà lórí tábìlì

Ní ilé-iṣẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe, bébà kan wà níwájú àwọn tó jókòó sí òdìkejì. Ìbéèrè mẹ́fà tàbí mẹ́jọ wà lórí rẹ̀, ọ̀kan náà fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Àlàfo wà fún máàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, ó sábà máa ń jẹ́ láti 1 dé 5, àlàfo mìíràn sì wà fún ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu rẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀.

Wọn kò dédé ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní 1998, Frank Schmidt àti John Hunter, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, kó ìwádìí ọdún 85 jọ lórí ọ̀nà tí a ń gbà yan òṣìṣẹ́. Wọ́n rí i pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ti to ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ máa ń fi hàn bí ènìyàn yóò ṣe ṣiṣẹ́, ju èyí tí wọ́n kàn fi ń tàkúrọ̀sọ lọ. Nígbà tí Paul Sackett àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà yẹ̀ wò ní 2022, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà ló já wálẹ̀ nínú àtẹ tó fi wọ́n wéra, ṣùgbọ́n ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a tò sílẹ̀ ló bọ́ sí òkè pátápátá. Ìdí nìyẹn tí àwọn báǹkì ńlá, ilé-iṣẹ́ epo àti àjọ àgbáyé fi ń lo bébà yìí. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kéékèèké ní Èkó ò lo bébà kankan, ojú ni wọ́n fi ń wo ènìyàn. Àmọ́ àwọn náà ń wá ohun kan tí wọn yóò rántí nípa rẹ nígbà tí o bá ti jáde.

Wo bébà yẹn dáadáa. Kò sí àlàfo fún ọmọ ìkẹta nínú mẹ́fà. Kò sí àlàfo fún "òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí", nítorí pé ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó ń kọ máàkì lè gbà ọ́ gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀, síbẹ̀ kí ó fún ọ ní 2, nítorí kò rí nǹkan kọ.

Ibí ni ẹ̀kọ́ ilé ti ń dà wá láàmú. Wọ́n ti kọ́ wa pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Òótọ́ ni láàárín ẹni méjì tó mọ ara wọn. Àmọ́ ìgbìmọ̀ tó ń wo ènìyàn mẹ́rìnlá lọ́jọ́ kan kò ní àyè láti sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni di odidi. Ààbọ̀ tó o bá sọ ni wọn yóò fi máàkì sí.

## Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ kọ́ ló fà á

Àlàyé tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe ni pé Yorùbá kò kọ́mọ láti máa yin ara rẹ̀, pé ẹlòmíràn ló ń ki ni, a kì í ki ara wa. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ríṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé, kó máa fọ́nnu. N ò gba àlàyé yìí. Ẹni tó bá gbà á máa ń di oníyangàn tí ìgbìmọ̀ ò lè fara dà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á pọ̀, ẹ̀rí ibẹ̀ kò sì ní ju ti onírẹ̀lẹ̀ lọ.

Ilé kan náà tó kọ́ wa ní ìrẹ̀lẹ̀ ló kọ́ wa láti jábọ̀. Rán ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ra elùbọ́ àti epo. Tó bá padà dé, kò ní wí fún ọ pé òun mọ ọjà ná. Á ní: "Ẹ ní kí n ra elùbọ́ kóńgò méjì. Màmá tí ẹ ní kí n lọ bá kò pàtẹ lónìí, mo bá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ọgọ́rùn-ún náírà ló fi lé e, mo ná an, ó yọ àádọ́ta. Epo nìyí. Ṣéńjì yín rèé." Ẹ rí i pé ọmọ náà kò yin ara rẹ̀ rárá, àmọ́ ẹni tó rán an ti mọ̀ pé ó gbọ́n. Ó sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ohun tó dí i lọ́nà, ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àti ohun tó mú bọ̀. Àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ènìyàn ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pe ohun mẹ́rin yìí ní STAR (Situation, Task, Action, Result), wọ́n sì ń gba owó lórí rẹ̀. Ọmọ tó lọ ra elùbọ́ ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo ń wí ò ju èyí lọ: ìwáṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, CV, lẹ́tà, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kódà ọ̀rọ̀ tí a ń bá ojúlùmọ̀ sọ lórí WhatsApp, ìjábọ̀ kan náà ni. Ẹni tí kò bá tíì mọ ohun tó fẹ́ jábọ̀, ibi gbogbo ló ti máa kọsẹ̀.

## Bí ìdáhùn ṣe ń rí nígbà tó bá jẹ́ ìjábọ̀

Ká sọ pé ọmọbìnrin kan ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ó ti sìnrú ìlú tán, kò tíì ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí, ṣùgbọ́n ó ti ṣe POS fún oṣù mẹ́jọ ní ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ wọ ẹ̀ka ìtọ́jú oníbàárà ní ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ POS. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ì bá fi POS yẹn pa mọ́, nítorí ìtìjú. Bẹ́ẹ̀, òun ni iṣẹ́ tó yẹ kó kọ́kọ́ dárúkọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣe gan-an. Láràárọ̀, ó ń ka owó ọwọ́, ó ń kọ owó tó wà nínú wálẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Tó bá di alẹ́, ó ń ro méjèèjì pọ̀: owó ọwọ́ àti ti wálẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, pẹ̀lú èrè, kúrò nínú ohun tí wọ́n ná. Tí kò bá bára mu, ó ní láti wá ibi tó gbà lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ ló sọ pé kò gba káàdì, báǹkì sì ti yọ owó oníbàárà. Oníbàárà ń pariwo, àwọn mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá kọ́ láti tẹ rìsíìtì jáde nígbàkigbà, kódà èyí tí kò lọ, kó kọ nọ́ńbà RRN tó wà lórí rẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa owó kọ̀ọ̀kan), aago, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára káàdì àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà sínú ìwé kan, kó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kó sì pe oníbàárà nígbà tí owó bá padà.

Ìdáhùn rẹ̀ lè lọ báyìí: "Láti bí oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń bójú tó ìsọ̀ POS kan ní Ìwó Road, èmi nìkan ni mo wà nídìí rẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ohun tó le jù níbẹ̀ ni owó tó bá há. Nígbà tí mo débẹ̀, kò sí àkọsílẹ̀, oníbàárà á kàn máa wá jà. Mo ṣí ìwé kan fún un, mo ń kọ RRN àti aago ìkọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi ránṣẹ́ kó tó di alẹ́. Láàárín oṣù mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni owó dín lọ́wọ́ mi, ₦3,500, mo sì rí ibi tó gbà lọ. Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ni mo kà ní yunifásítì. Ìdí tí mo fi wá síbí ni pé ẹ̀yin lẹ wà ní òdìkejì ìwé tí mo ń kọ yẹn, mo sì mọ ohun tí ojú àwọn tó ń pè yín ń rí."

Ẹni bá fara balẹ̀ sọ ọ́ lédè òyìnbó, kò ní tó ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ni òpin, ìyẹn bí igba ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó sún mọ́ ohun tí wọ́n ń wá ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ ìwé tẹ̀ lé e ní gbólóhùn kan, ìdí tó fi wá síbẹ̀ ló kásẹ̀ rẹ̀. ₦3,500 yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹni tó ní owó ò dín rí ń parọ́, ìgbìmọ̀ sì mọ̀. Ẹni tó rántí iye tó dín àti ibi tó gbà ni wọn yóò fi owó tì.

Tí wọ́n bá sì bi í léèrè síwájú, kò gbọ́dọ̀ bá a lójijì. Ó yẹ kó mọ̀, fún àpẹẹrẹ, pé ní oṣù Kejìlá 2024 ni CBN fi gbèdéke lé owó tí aṣojú POS lè san jáde: ₦100,000 fún oníbàárà kan lójúmọ́, ₦1.2 mílíọ̀nù fún aṣojú kan lójúmọ́. Irú èyí níye lórí ju kí a há ọdún tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ sórí lọ.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni "àwa". A ṣe é, a yanjú rẹ̀, wọ́n ní ká ṣe báyìí. Láàárín wa, ọmọlúàbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Lórí bébà yẹn, ẹni tó ń kọ máàkì kò mọ ìpín tìrẹ. Fi "àwa" sọ ohun tí ẹgbẹ́ ṣe, kó o sì fi "èmi" sọ ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe nínú rẹ̀. Kò sí ìgbéraga níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í wo àgbà lójú kòrókòró, àmọ́ ẹni tó ń wo ilẹ̀ nígbà tó ń sọ iye owó, ó dà bíi pé ó ń parọ́. Tó bá ṣòro fún ọ, máa wo àárín ìpéǹpéjú ẹni tó bi ọ́. Kò ní mọ ìyàtọ̀. "Good morning sir, good morning ma" pẹ̀lú orí títẹ̀ díẹ̀ tó fún ìkíni. Má dọ̀bálẹ̀ nínú ọ́fíìsì, má sì kúnlẹ̀.

Má ka ìdáhùn sórí. Kọ ìtàn iṣẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà sílẹ̀, gbólóhùn mẹ́rin-mẹ́rin: èyí tó yọrí sí rere, èyí tó bàjẹ́, èyí tí o ti bá ẹnì kan ṣe aáwọ̀, èyí tí àkókò kò tó, èyí tí o kọ́ ohun tuntun. Ìbéèrè ogún lè wá, àwọn márùn-ún wọ̀nyí náà ni yóò dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà, sọ wọ́n sókè lédè òyìnbó, kí o gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, kí o sì gbọ́ ọ. Ẹni tó ń fi Yorùbá ronú tó ń fi òyìnbó fèsì máa ń há ní ibi kan náà, orí ọ̀rọ̀-ìṣe iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Fóònù yóò fi ibẹ̀ hàn ọ́.

## CV: ìjábọ̀ kan náà lórí bébà

Nígbà tó o bá ti ní ìtàn wọ̀nyẹn, CV kò le mọ́. Ojú ìwé kan tó fún ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ ju ọdún márùn-ún lọ. Yọ ẹ̀sìn, ìjọba ìbílẹ̀, ipò ìgbéyàwó àti "reading, travelling and meeting people" kúrò. Ọjọ́ orí kì í wọ ibẹ̀ àyàfi tí ìpolówó bá béèrè. Kọ ọdún tí o parí NYSC, nítorí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ nílẹ̀ wa kì í wo ìwé ẹni tí kò bá sí níbẹ̀.

Lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó: ohun tí o ṣe, iye rẹ̀, ohun tó yọrí sí. "Responsible for customer service" kò wí nǹkan kan. "Mo ń dá oníbàárà bí ọgọ́ta lóhùn lójúmọ́, mo ṣí àkọsílẹ̀ owó tó há" wí nǹkan. Àgùnbánirọ̀ tó kọ́ ọmọ JSS 2 ní ìṣirò ní abúlé kan ní Kẹ́bbí ní iye tirẹ̀: kíláàsì mélòó, ọmọ mélòó, mélòó nínú wọn ló yege ṣáájú, mélòó lẹ́yìn náà.

Ní ti kọ̀ǹpútà tó ń ṣa CV kí ènìyàn tó rí i, àròsọ tó wà níta pọ̀. Ohun tó dájú ni pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kì í ka ọ̀rọ̀ inú tébù, inú àpótí ọ̀rọ̀ tàbí inú àwòrán dáadáa. CV olóríṣiríṣi àwọ̀ tí wọ́n fi Canva ṣe, tó pín sí òpó méjì, lè di àdàlú níbẹ̀. Òpó kan, àkọlé tó ṣe kedere, PDF tí a lè fi mọ́ọ̀sì ṣẹ̀dà ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Dán an wò: ṣẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sínú Notepad. Bí ọ̀rọ̀ bá tò bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ náà yóò kà á. Sọ fáìlì náà ní orúkọ rẹ àti orúkọ iṣẹ́, kì í ṣe "my cv new final 2".

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ChatGPT bá yín kọ lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó lè tún gírámà ṣe, ìyẹn kò burú. Àmọ́ kò mọ ₦3,500 yẹn, nítorí náà yóò kọ ohun tó kọ fún ẹgbẹ̀rún èèyàn mìíràn, ẹni tó ń gbà á síṣẹ́ á sì rí gbólóhùn kan náà nínú lẹ́tà ogún láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ̀tàn tó burú jù ni ọjọ́ orí. Ìpolówó ní kò gbọdọ̀ ju ọdún 26 lọ, ẹni ọdún 29 bá lọ búra ní kóòtù. NIN àti BVN ti gba ọjọ́ ìbí gidi sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì ń fi wé ara wọn, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbèdéke yẹn kò bójú mu, mo gbà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí kò béèrè ọjọ́ orí wà, ibẹ̀ ni kí o lo agbára rẹ.

## Mọ ibi tó ti ń bàjẹ́

"Mo ti kọ̀wé sí ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́, kò sẹ́ni tó dáhùn." Bí mo bá gbọ́ èyí, ohun tí mo máa ń fẹ́ rí ni àkọsílẹ̀, kì í sì í sábà sí. Ṣí Google Sheets tàbí ìwé àkọsílẹ̀ kan: orúkọ ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ náà, ọjọ́ tí o kọ̀wé, ibi tí o ti rí i, CV èwo lo fi ránṣẹ́, ẹni tí o mọ̀ níbẹ̀, ibi tó dé dúró. Ẹ̀dà ìpolówó náà ṣe pàtàkì, torí wọn yóò ti yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó pè ọ́.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìwé, àkọsílẹ̀ náà yóò sọ̀rọ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó pè rárá, CV ló ní àìsàn, tàbí iṣẹ́ tí kò bá ọ mu lò ń wá. Bí wọ́n bá ń pè ọ́ fún ìdánwò tí o kì í kọjá ibẹ̀, ìdánwò ni kí o lọ kọ́, má fọwọ́ kan CV. Bí o bá ń dé iwájú ìgbìmọ̀ tí kò sì yọrí, ìdáhùn rẹ ni. Bí o bá sì ń dé ìpele ìkẹyìn léraléra, wo owó tí ò ń béèrè, kí o sì pe àwọn tí o fi orúkọ wọn sílẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́rìí ọ: ọ̀pọ̀ kì í gbé fóònù tí wọn kò mọ nọ́ńbà rẹ̀, o kò sì sọ fún wọn pé ẹnì kan máa pè.

Nípa ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Aago ló ń bà á jẹ́, kì í ṣe àìmọ̀. Ìbéèrè kan kò sábà ju bí ìṣẹ́jú kan lọ, nítorí náà fi aago kọ́ ọ láti ọjọ́ kìíní. Níbi tí wọ́n ti ní kí o mú True, False tàbí Cannot Say, ìpínrọ̀ tó wà níwájú rẹ nìkan ni kí o lò. Ohun tí o mọ̀ láti ìta ló ń fa àṣìṣe níbẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Jobberman, MyJobMag àti LinkedIn dára, àmọ́ ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn wà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2014, àjọ aṣọ́bodè Immigration pe àwọn tó ń wáṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n ti gba ₦1,000 lọ́wọ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù èèyàn tó kọ̀wé, ààyè iṣẹ́ kò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Àwọn èèyàn kú nínú ìrọ́kẹ̀kẹ̀ náà. Ẹ̀bi àwọn tó tò sí ẹnu géètì kọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá dé ojú gbogbo ayé, ibi tí èèyàn ti ń di nọ́ńbà nìyẹn.

Ìdí rèé tí ojúlùmọ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ti ẹni tó máa fi ẹsẹ̀ gígùn gbé ọ wọlé ni mò ń sọ. Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ̀wé lórí àwọn tó ríṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀, nítòsí Boston, ó sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn gbọ́ nípa iṣẹ́ náà lẹ́nu ẹni tí wọn kì í sábà rí. Ní 2022, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí LinkedIn pẹ̀lú àwọn tó lé ní ogún mílíọ̀nù fi hàn pé bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí lónìí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ mọ ohun tí ìwọ náà mọ̀. Ẹni tí ẹ jọ sìnrú ìlú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, alábàágbé rẹ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ibòmíràn ni wọ́n wà. Èèyàn laṣọ.

Ṣùgbọ́n má kọ "Ẹ bá mi wáṣẹ́ o" sí wọn. Kò sẹ́ni tó lè ṣe nǹkan kan pẹ̀lú ìyẹn ju kó ní "Ọlọ́run á ṣe é". Kọ ìjábọ̀ rẹ: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ìtọ́jú oníbàárà ni mò ń wá ní báǹkì tàbí ilé-iṣẹ́ POS. Mo ti ṣe POS fún oṣù mẹ́jọ. Mo rí i pé ibi tẹ́ ẹ wà ń gbà èèyàn. Ṣé ẹ lè bá mi béèrè ohun tí wọ́n ń wò jù?" Ẹ̀gbọ́n lè gbé èyí síwájú ẹlòmíràn láìfi nǹkan kan kún un.

Tí ẹnì kan tí o kò kọ̀wé sí bá fi SMS pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí ibi ìwádìí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá sì gba owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó àyẹ̀wò ìlera lọ́wọ́ rẹ, máa lọ sílé.

## Ọjọ́ náà

Bó bá jẹ́ Victoria Island ní aago mẹ́sàn-án tó o sì ń bọ̀ láti Ìkòròdú, lọ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Wà ní àdúgbò náà ní aago mẹ́jọ, wọ géètì ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ku. Mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ̀ṣọ́ lè dá ọ dúró.

Bó bá jẹ́ orí Zoom, iná ló kọ́kọ́ yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. Gba fóònù àti power bank kún, ní SIM nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì, kí o sì ra tó 2GB, torí wákàtí kan lè jẹ nǹkan bíi 1GB. Kọjú sí fèrèsé, má kọ ẹ̀yìn sí i. Gbé kámẹ́rà sókè títí yóò fi bá ojú rẹ dọ́gba. Bí iná bá lọ, sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kí o máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bó ṣe ń rí níbí.

Nígbà tí wọ́n bá ní ṣé o ní ìbéèrè, má sọ pé rárá. Èyí dára: "Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí lẹ máa rí tí ẹ ó fi mọ̀ pé ẹni tí ẹ gbà ń ṣe dáadáa?" Ohun tí wọ́n bá sọ ló máa sọ fún ọ bóyá iṣẹ́ náà jẹ́ ohun tí wọ́n kọ sínú ìpolówó.

## Ọ̀rọ̀ owó

Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ jù ni ìbéèrè "Èló lo fẹ́ máa gbà?" Ìdáhùn "Ohunkóhun tí ẹ bá fún mi, mo gbà" kì í mú kí wọ́n fẹ́ràn ẹnikẹ́ni, ó kàn ń dín owó kù ni.

Béèrè bóyá iye tí wọ́n ń sọ jẹ́ gross (kí wọ́n tó yọ ohunkóhun) tàbí net (ohun tó máa dé ọwọ́ rẹ), torí àlàfo ibẹ̀ kò kéré. Mú gross ₦250,000 lóṣù. Òfin owó ìfẹ̀yìntì 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìpín 8 nínú ọgọ́rùn-ún basic (ìpìlẹ̀ owó oṣù), owó ilé àti owó ọkọ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì dá 10. Bí gbogbo owó náà bá jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyẹn, ₦20,000 ti lọ. Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 kò gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, ó sì ń gba 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀ lé e. Láìka ìdẹ̀ra tó wà fún ẹni tó ń san owó ilé, owó-orí náà á jẹ́ bíi ₦24,500 lóṣù. Ohun tó máa wọ àpò rẹ jẹ́ ₦205,500. Bí ọkọ̀ lọ-bọ̀ bá jẹ́ ₦4,000 lójúmọ́, ọjọ́ 22 á jẹ ₦88,000 nínú rẹ̀. Ṣe ìṣirò yìí nílé, kí iye tí wàá sọ ti wà lẹ́nu rẹ kí wọ́n tó béèrè, kí o sì sọ iye méjì tí kò jìnnà síra wọn, èyí tó kéré jẹ́ ohun tí o lè gbà láìkùn.

Bí wọ́n bá gbà ọ́, lẹ́tà ni kí o gbà kó o tó fi ibi tí o wà sílẹ̀. Ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, gross àti bí wọ́n ṣe pín in, oṣù mélòó ni wọn yóò fi dán ọ wò, àti ìkìlọ̀ ọjọ́ mélòó ni ìkọ̀ọ̀kan yín gbọ́dọ̀ fún ara yín tí ẹ bá fẹ́ pínyà. Tí wọ́n bá ní kí o wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà ń bọ̀ lẹ́yìn, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dáadáa, kí o sì sọ fún wọn pé ò ń retí rẹ̀ nínú ímeèlì kí ọjọ́ Ajé tó dé.